Ẹni Tó Ń Sin Aláìsàn Padà Sọ́dọ̀ Dókítà: Ìgbésí Ayé Bàbá Wa, Hilaire Àlàní Ògúnbíyí (1951–2025)

Dowa ni, ní Porto-Novo, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan tí kùrukùru ọ̀sà kò tíì ká kúrò lórí òrùlé, ni a ti bí Hilaire Àlàní Ògúnbíyí. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1951 ni. Daniel Ògúnbíyí ni bàbá tó bí wọn, aránṣọ tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ìhà Kétu wá tẹ̀dó sí ìlú yìí. Marthe Ayọ̀ká, ọmọ Sákété, ni ìyá wọn. Àwọn àgbà ilé sọ pé ọmọ náà kò ké nígbà tó dé. Ó kàn gbójú sókè, ó ń wo àjà bí ẹni tó ń gbìyànjú láti rántí ibi tó ti ń bọ̀. Agbẹ̀bí gbá a ní ìdí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó ké, ó sì ké díẹ̀, ó tún dákẹ́.

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ̀yin ará Djègan-Kpèvi àti ará Dowa, ẹ ṣeun tí ẹ kò jẹ́ kí a dá ìbànújẹ́ yìí gbé. Èmi Élodie, àkọ́bí wọn, ni àwọn àbúrò mi ní kí n kọ ìwé yìí lórúkọ gbogbo wa. Bí ẹ bá rí i pé mo ń rìn gbéregbère, ẹ fara dà á, ọmọ bàbá mi ni mí. Irú ìwé báyìí a máa sọ pé olóògbé kò ṣẹ ẹnikẹ́ni rí láyé. Bàbá wa kò ní gbà kí a kọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà pé àwọn ṣẹ ẹnìkan, wọ́n sì gbé e sọ́kàn fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó ku oṣù méjì kí wọ́n lọ kí àwa ọmọ tó gbọ́ ọ. Àwọn fúnra wọn ló ní kí a kọ ọ́ síbí, kí a má fi ohunkóhun bò.

Ní ọdún 1958 ni Bàbá wọ lèkọ́ọ̀lì. Ara wọn ló máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Níbi tí ọkàn wọn máa ń wà, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Olùkọ́ wọn a pè wọ́n pé, “Ògúnbíyí, níbo lo wà?” Wọn a dáhùn pé, “Mo wà níhìn-ín, mùsíè.” Kíláàsì a bú sẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, ohun kan wà tí wọ́n mọ̀ ṣe ju gbogbo ẹgbẹ́ wọn lọ: kò sí irú ìkọ̀wé tí wọn kò lè kà. Ìwé tí òjò pa, lẹ́tà tí ẹni tó ti mutí kọ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kà. Ará àdúgbò a máa kó lẹ́tà wá bá wọn láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n gba sàtífíkà ní 1965, wọ́n sì tẹ̀ síwájú díẹ̀. Nígbà tí bàbá wọn kú ní 1968, ẹ̀kọ́ dópin, nítorí abẹ́rẹ́ tí bàbá fi sílẹ̀ fún ìyá kò lè bọ́ ọmọ márùn-ún kó tún rán wọn ní lèkọ́ọ̀lì.

Ní ọdún 1970, fáámásì kan nílùú yìí gbà wọ́n láti máa gbálẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi gbálẹ̀ tí wọ́n ń fi ojú ka orúkọ ara àwọn páálí. Ní ọjọ́ kan, ìyá tó ni fáámásì náà mú ọ̀dọ́nánsì kan lọ́wọ́, èyíinì ni ìwé tí dókítà máa ń kọ oògùn sí. Wọ́n yí i sókè, wọ́n yí i sísàlẹ̀, wọn kò rí orí rẹ̀, wọn kò rí ìdí rẹ̀. Bàbá wa dá ìgbálẹ̀ dúró, wọ́n na ọrùn, wọ́n sì kà á jáde láti òkèèrè. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti gbé aṣọ funfun wọ̀ wọ́n, tí wọ́n sì bọ́ sí ẹ̀yìn káńtà. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2011.

Ẹ̀yin tí ẹ ra oògùn lọ́wọ́ wọn rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọn a gbé páálí oògùn sórí àtẹ́lẹwọ́, wọn a pe orúkọ rẹ̀ ní ohùn pẹ̀lẹ́, wọn a ní kí ẹ tún un pè. Wọn a sọ iye ìgbà tí ẹ ó lò ó, wọn a ní kí ẹ tún un sọ. Bí ẹ bá ń kánjú, ẹ ti wá síbi tí kì í ṣe tiyín. Nígbà mìíràn wọn a dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, wọn a máa wo ojú títì níbi tí oòrùn ti ń tàn sórí omi òjò, ẹ ó sì dúró dè wọ́n títí wọn yóò fi padà dé.

Irú àṣà yìí ló fún wọn níyàwó. Ọmọbìnrin kan wá láti Sèmè-Kpodji láti ra oògùn ojú fún ìyá rẹ̀. Bàbá gba owó, wọ́n fún un ní ṣẹ́ńjì, wọ́n sì ń wò ó bó ṣe ń lọ. Ọmọbìnrin náà dé ẹnu ọ̀nà, ó yí padà, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, owó mi lẹ gbà, ojú mi lẹ wò, oògùn dà?” Àdùkẹ́ nìyẹn, màmá wa. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ilé ìjọsìn Mẹ́tọ́díìsì ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 1979, wọ́n sì lọ ń gbé ní Djègan-Kpèvi. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ. Títí di bí a ṣe ń wí yìí, Màmá ṣì ń sọ pé bí Bàbá bá fún àwọn ní oògùn lẹ́ẹ̀kan náà ni, àwọn ì bá ti fẹ́ apẹja.

Nígbà tó di ọdún 1989, tí owó oṣù kò wọlé fún ọ̀pọ̀ ènìyàn nílẹ̀ yìí mọ́, Màmá náà gbé àtẹ kalẹ̀ ní ọjà. Ẹ má jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: oògùn ni wọ́n ń tà. Hóró méjì fún orí fífọ́, hóró mẹ́rin fún ibà, láìsí ọ̀dọ́nánsì, láìsí aṣọ funfun. Bí ilé kan ṣe di onífáámásì méjì nìyẹn. Bàbá a ní oòrùn ti ba oògùn orí àtẹ jẹ́, pé ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó ti wá. Màmá a ní oòrùn kò ba ti fáámásì jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló rí i rà? Àwa ọmọ a máa gbọ́ wọn bí ẹni ń gbọ́ rádíò. Bí orí bá fọ́ ọ̀kan nínú wa, yóò kọ́kọ́ ronú ẹni tí òun yóò sọ fún.

Oṣù kìíní ọdún 1994 ni wọ́n gé iye owó sẹ́fà sí ìdajì. Àwọn tó dàgbà láàárín yín kò gbàgbé. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, oògùn tó ti òkè òkun wá gbówó lé gegere. Lóòótọ́, ìjọba ló ń fi iye lé oògùn ní fáámásì, ẹnikẹ́ni kì í ná an bí ẹni ná iṣu. Ṣùgbọ́n iye tí ìjọba fi lé e ti ga ju orí àwọn tí yóò rà á lọ. Bàbá sọ fún wa pé ní oṣù yẹn, fáámásì parọ́rọ́. Àwọn ènìyàn a wọlé, wọn a béèrè iye, wọn a dúpẹ́, wọn a jáde lọ́wọ́ òfo. Ìdúpẹ́ yẹn ló máa ń dun Bàbá jù. Wọ́n ní àwọn a máa lá àlá pé gbogbo àwọn tó dúpẹ́ náà tò sórí afárá ọ̀sà, tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ omi.

Nínú ọ̀wọ́n yẹn ni àṣà kan ti yọjú, tí gbogbo wa nílùú yìí mọ̀. Aláìsàn a mú ọ̀dọ́nánsì wá, yóò ní, “Bàbá, owó mi kò ká a. Èwo ni mo lè yọ níbẹ̀?” Bàbá a kà á, wọn a béèrè ibi tó ń dùn ún, wọn a sì fa ilà sórí èyí tí wọ́n bá rò pé ó lè dúró. Kò sí ẹni tó rán wọn níṣẹ́ yìí. Ìyá tó ni fáámásì mọ̀, wọ́n gbójú fò ó, nítorí bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, aláìsàn yóò lọ láìra ọ̀kankan. Àánú ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fi Bàbá ṣe dókítà?

Ní ọdún 1996, Bàbá Moumouni wọlé. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Bàbá Moumouni nígbà náà, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ní Djègan-Kpèvi, ìṣó sì ti gún wọn lẹ́sẹ̀. Dókítà kọ oògùn mẹ́ta fún wọn: ti egbò, ti ìrora, àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà náà ṣèèṣì bá lára wọn. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru ló wọ́n jù, oṣooṣù ni wọn yóò sì máa rà á. Bàbá wa béèrè pé, “Ṣé orí ń fọ́ ọ? Ṣé òòyì ń kọ́ ọ?” Wọ́n ní rárá, ẹsẹ̀ nìkan ni. Bàbá wa fa ilà sórí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bàbá Moumouni dúpẹ́, wọ́n ra méjì, wọ́n ń tiro lọ.

Kò pé oṣù méjì, wọ́n ṣubú sórí pákó nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́ràn mọ́. Idayatou, ọmọ wọn obìnrin, ló mú ọ̀dọ́nánsì tuntun wá sí fáámásì. Bàbá wa ka orúkọ oògùn tó wà lókè pátápátá, wọ́n sì mọ̀ ọ́n: èyí tí àwọn fa ilà sórí rẹ̀ ni. Wọ́n ta oògùn fún ọmọ náà, wọ́n ní kó tún orúkọ rẹ̀ pè, ó tún un pè. Wọ́n wá wọ ẹ̀yìn lọ síbi tí wọ́n ń kó páálí sí, wọ́n sì jókòó láàárín páálí títí wọ́n fi ti ìlẹ̀kùn fáámásì.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá kò fa ilà sórí oògùn ẹnikẹ́ni mọ́. Bí aláìsàn bá bẹ̀ wọ́n, wọn a ní kó padà sọ́dọ̀ dókítà kó lọ bá a tún un kọ. Àwọn mìíràn bínú, wọ́n ní Bàbá ti di agbéraga. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, Bàbá a gba ọ̀nà Dowa lọ, níbi tí wọ́n gbé Bàbá Moumouni padà sí nílé ẹbí. Lóṣooṣù, wọn a mú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà dání, wọn a ní ìjọ ló ní kí àwọn mú un wá. Irọ́ ni. Ìjọ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Bàbá Moumouni, Mùsùlùmí òdodo, a ní kí wọ́n bá òun kí àwọn Mẹ́tọ́díìsì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Màmá gbà pé ìyàwó kejì wà ní Dowa. Kí ló tún lè máa gbé ọkùnrin lọ síbì kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí yóò padà dé tí kò ní fẹ́ jẹ ọbẹ̀? Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Màmá gun zẹmijáǹ, alùpùpù akérò, wọ́n tẹ̀ lé Bàbá. Wọ́n yọjú láti ẹ̀yìn ògiri, wọ́n bá àwọn bàbá méjì lórí ìjókòó, wọ́n dákẹ́ rọ́rọ́, wọ́n ń wo ewúrẹ́. Màmá dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro wọ́n. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ ju pé ewúrẹ́ kan dìde. Màmá padà sílé pẹ̀lú ìtìjú, wọ́n sì fi ẹja kún ọbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀ ni pé Bàbá ń gbìyànjú láti sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìjókòó yẹn.

Nítorí wọn kò lè sọ ọ́ níbẹ̀, wọ́n ń sọ ọ́ níbi gbogbo tó kù. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá wa, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, ṣe di ẹni tó ń dìde ní ìpàdé àdúgbò, tó ń kọ lẹ́tà sí ìjọba, tó sì sọ̀rọ̀ lórí rádíò ní 2016. Àwọn kan ń sọ níbẹ̀ pé kí ìjọba yọwọ́ nínú iye oògùn, kí ọjà ṣe bó ti ń ṣe. Bàbá ní, “Tòmátì, bí ó bá wọ́n, a ó fi ata nìkan se ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ná oògùn? Ẹni tí òtútù ń mú kò lè ná ọjà.” Wọ́n ní kí ìjọba fi iye tó rọjú lé gbogbo rẹ̀. Wọ́n tún ní kí àwọn dókítà máa kọ orúkọ oògùn gan-an, kì í ṣe orúkọ tí ilé-iṣẹ́ sọ ọ́, nítorí oògùn kan náà tí a ń pè ní jénérìkì wà, tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, tí owó rẹ̀ sì kéré. Gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ. Inú wa dùn, orí wa wú.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá gbé ẹ̀kọ gbígbóná síwájú wọn, wọ́n ní, “Ẹ sọ ọ́ dáadáa, Bàbá Élodie. Ìjọba tó fi iye lé oògùn, ṣé ó fi iye lé owó tí ń wọ ọwọ́ àwa tí a ó rà á?” Bàbá ń fi ṣíbí ro ẹ̀kọ náà títí ó fi tutù. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí, mi ò tíì rí ẹni tó dá Màmá lóhùn lórí ìbéèrè yẹn.

Nígbà tó di 2017, ìjọba gbógun ti oògùn orí àtẹ jákèjádò ilẹ̀ Benin. Màmá ní àwọn ti palẹ̀ mọ́, àwọn ti bọ́ sórí òwò àwo. Ìgbà yẹn ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í lá àlá kan nínú oorun ọ̀sán: ibùsùn wọn di ọkọ̀ ojú omi, ó ń léfòó lọ lórí ọ̀sà, ojú ọ̀run funfun, omi funfun, bí wọ́n bá sì yí ẹ̀gbẹ́ padà, ọkọ̀ a dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Wọ́n sọ àlá náà fún Màmá. Màmá ní kí wọ́n máa gbàdúrà. Ọ̀sán mọ́kànlá ni wọ́n fi wa ọkọ̀ yìí. Ní ọjọ́ kejìlá, gíláàsì ojú wọn jábọ́ sábẹ́ ibùsùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti mú un, wọ́n sì rí gbogbo ọjà Màmá, páálí lórí páálí. Orí rẹ̀ ni ọkùnrin tó sọ̀rọ̀ lórí rádíò ń sùn.

Àwa rò pé ilé yóò gbóná. Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n nu gíláàsì, wọ́n ní, “Àdùkẹ́, wá jókòó, ká jọ kà á.” Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ka ọjọ́ tí oògùn kọ̀ọ̀kan yóò bàjẹ́. Èyí tó pọ̀ jù ti kọjá ọjọ́ rẹ̀. Òmíràn ti di ìyẹ̀fun nínú ike. Màmá a mú ọ̀kan, wọn a ní, “Yéè! Mo fún Safouratou nínú èyí,” wọn a bú sẹ́kún. Safouratou ni opó tó ń gbé nítòsí wa, tí ikọ́ fée ń ṣe. Bàbá gbá ọwọ́ Màmá mú. Bàbá sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ó ku díẹ̀ kí àwọn jẹ́wọ́ tiwọn ní ìjókòó yẹn, kí ẹlẹ́ṣẹ̀ méjì lè jọ tu ara wọn nínú. Wọn kò jẹ́wọ́. Wọ́n di ẹrù náà, wọ́n gbé e rù fúnra wọn, àwọn méjèèjì sì jọ kó o lọ fún àwọn ọlọ́pàá. Nígbà tí wọ́n béèrè ẹni tó ni ín, Bàbá ní, “Abẹ́ ibùsùn mi ló wà.” Àwọn ọlọ́pàá gba ẹrù, wọ́n kìlọ̀ fún wọn, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Safouratou wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Ó ní, “Bàbá, ẹ ti kó gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ ṣeun. Níbo wá ni kí n ti ra hóró mẹ́rin?” Bàbá wọ bàtà, wọ́n gba ọ̀dọ́nánsì ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì sìn ín padà sí ọ̀dọ̀ dókítà tó kọ ọ́. Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, ó sì rẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni dókítà ni?” Bàbá ní, “Rárá o, dókítà. Èmi ni mò ń ka ohun tí ẹ bá kọ.” Wọ́n dúró síbẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọn kò lọ, títí dókítà fi tún un kọ ní jénérìkì. Láti ìgbà náà, fún ọdún méje, ẹ̀yin náà rí wọn lójú títì láràárọ̀, fìlà funfun, ìrìn pẹ̀lẹ́, aláìsàn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nígbà tó yá, dókítà ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ aláìsàn kó tó kọ nǹkan pé, “Ṣé agbára yín yóò ká a?” Ó wà láàárín yín lónìí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú ìjọ, Bàbá kọ orin tẹ́nọ̀ fún ọdún mẹ́rìnlélógójì. Bí gbogbo ẹgbẹ́ akọrin bá ti jókòó, wọn a ṣì wà lórí ẹsẹ̀ orin tó kẹ́yìn, ojú wọn ní dídì. Àlùfáà mẹ́ta ló bá wọn sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, gbogbo wọn ló sì pa wọ́n tì nígbẹ̀yìn. Wọ́n jẹ́ akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n sì wà nínú ìgbìmọ̀ àdúgbò wa. Nígbà tí mo fẹ́ fẹ́ Idriss, ọmọ Mùsùlùmí, tí àwọn ẹbí kan ń kùn, Bàbá ní ẹni tó bá fẹ́ dá ìgbéyàwó náà dúró, kó wá sọ fún àwọn ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n mọ̀ pé àwọn kì í sí nílé.

Ọkàn Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ní ọdún tó kọjá. Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá, tí ọyẹ́ ti bo ìlú, tí èèyàn kò rí òpin títì, wọ́n ní kí èmi àti Gervais, àbúrò mi, gbé àwọn lọ sí Dowa. A gbé ìjókòó wọn sí ẹ̀gbẹ́ ti Bàbá Moumouni. Lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ jáde. Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ọ̀dọ́nánsì dé orí irọ́ ìjọ. Ojú ti èmi ọmọ. Ó ń ṣe mí bí i kí n wọlẹ̀, nítorí mo mọ ọwọ́ ọ̀tún yẹn, mo mọ bó ṣe máa ń sùn sórí itan Bàbá Moumouni bí ọmọ tuntun.

Bàbá Moumouni ní, “Bàbá Élodie, mo ti mọ̀. Mo mọ̀ láti ọjọ́ tí Idayatou mú oògùn yẹn délé. Ẹ̀yin lẹ fa ilà, ṣùgbọ́n ẹ bi mí bóyá òòyì ń kọ́ mi, mo ní rárá. Irọ́ ni mo pa. Òòyì ń kọ́ mi láti oṣù mẹ́ta. Mo ti béèrè iye rẹ̀ ní fáámásì méjì kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín, mo mọ̀ pé n kò lè rà á. Mo fẹ́ kí ẹnìkan yọ ọ́ fún mi, kí ó má jẹ́ pé èmi ni mo yọ ọ́.” Wọ́n tún ní, “Mi ò sọ fún yín, nítorí bí mo bá sọ, ẹ lè má wá mọ́.”

Bàbá wa sunkún. Bàbá Moumouni sunkún. Èmi àti Gervais kò mọ ibi tí a ó kọjú sí. Ìgbà tí a ń gbé wọn padà sílé, a ti ń wọ Djègan-Kpèvi kí Bàbá tó la ẹnu. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ, owó ló yọ ọ́.” Wọ́n tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ní ohùn tí wọ́n fi ń pe orúkọ oògùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù Kejì ọdún 2025, ní ọ̀sán, Bàbá sùn, wọn kò sì jí mọ́. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni wọ́n lò láyé. Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ń gbọn ìrẹsì. Wọ́n ní àwọn kò tètè mọ̀, nítorí kò sí ohun tó yàtọ̀ lójú wọn.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni Màmá wa Àdùkẹ́, aya wọn fún ọdún márùnlélógójì. Àwa ọmọ mẹ́ta: Élodie, Gervais àti Rosine. Idriss, ọkọ mi, àti Clarisse, ìyàwó Gervais. Àwọn ọmọ-ọmọ márùn-ún: Kamilath, Nazif, Olúwadámilárá, Fidèle àti Karimath. Àbúrò wọn obìnrin kan ní Sákété. Àti Bàbá Moumouni ti Dowa. Kò sí ẹ̀jẹ̀ láàárín Bàbá Moumouni àti wa. Bàbá ló ní kí a kọ orúkọ wọn sí àárín àwọn ẹbí, a sì kọ ọ́.

Pósí tó wà níwájú yín yìí, Bàbá Moumouni ló ṣe é. Wọ́n ní kí a gbé àwọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọmọ tí wọ́n kọ́ níṣẹ́, wọ́n jókòó ti pákó fún ọjọ́ mẹ́rin, ọwọ́ òsì ni wọ́n sì fi wọn gbogbo rẹ̀, tí wọ́n fi sàmì sí i kí ọmọ náà tó rẹ́ ẹ. Ẹ̀gbẹ́ kan wọ́ díẹ̀ ní ìhà ẹsẹ̀. Ẹni tó bá wò ó dáadáa yóò rí i. Ọmọ iṣẹ́ náà fẹ́ tún un ṣe, àwa ọmọ ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àlàní, ọmọ Ògúnbíyí, ọmọ Ayọ̀ká, owó ló ṣẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì fi ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n bẹ̀bẹ̀ fún un. Ó tó. Kí Ọlọ́run tí kì í béèrè iye lọ́wọ́ aláìsàn gbà yín mọ́ra. Ẹ sùn re o, Bàbá wa.